Àyà Tó Ń Kùn Nílé Ìkàwé

Ẹ má pè é ní àlọ́. Ó ṣẹlẹ̀, ọ̀sán gangan ló sì ṣẹlẹ̀, lójú àwọn tí orí wọn pé.

Obìnrin kan ló ń ṣọ́ ilé ìkàwé. Ìyá Ẹ-dákẹ́ ni wọ́n ń pè é, torí kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu rẹ̀ láti òwúrọ̀ títí wọn ó fi tilẹ̀kùn. Kódà, ẹni tó bá fẹ́ sín á kọ́kọ́ jáde síta.

Inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Wùú-ṣùú. Wùú-ṣùú. Bí omi tó ń gba ojú ihò tóóró kọjá. Kì í sinmi. Àwọn tó ń kàwé gbójú sókè. Wọ́n wo àjà, wọ́n wo fèrèsé. Nígbẹ̀yìn, wọ́n wo Ìyá Ẹ-dákẹ́.

"Ìyá, ẹ má bínú," ni tíṣà àgbà kan tó máa ń jókòó síbẹ̀ wí. "Àyà yín ni."

Ojú tì í bí ẹni tí aṣọ bọ́ lára rẹ̀ láàárín èrò. Òun tó ń pa gbogbo ènìyàn lẹ́nu mọ́, òun ló wá di aláriwo! Ó fi ìborùn we àyà. Ó gbé ìwé ńlá lé e. Pàbó ló já sí. Nílé, ọkọ rẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Àbí o gbé ẹ̀rọ mì ni?" Ìgbà tó rí omijé lójú rẹ̀, ó mú un lọ sílé ìwòsàn.

Dókítà fi àwòrán ọkàn rẹ̀ hàn wọ́n.

"Ẹ wo iṣan ẹ̀jẹ̀ yìí. Ẹran ara ọkàn ló yẹ kó máa gbé ẹ̀jẹ̀ fún. Ṣùgbọ́n ó ti gba ẹ̀bùrú, ó ń da ẹ̀jẹ̀ sínú yàrá ọkàn, ìró rẹ̀ lẹ ń gbọ́ yẹn. Tá ò bá dí i, ó máa rẹ ọkàn yín."

"Ṣé ariwo yẹn á lọ?" Ohun tó jẹ ẹ́ lógún kò ju ìyẹn lọ.

"Á lọ."

Wọ́n ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba itan rẹ̀ dé inú ọkàn, wọ́n dí ọ̀nà náà pa. Nígbà tó jí, àyà rẹ̀ pa rọ́rọ́. Ó sunkún ayọ̀.

Lọ́jọ́ tó padà sẹ́nu iṣẹ́, yàrá ìkàwé kún. Ó kí wọn.

Wùú-ṣùú.

Ó yára fọwọ́ kan àyà. Jẹ́jẹ́ ló ń lù. Ó fetí sílẹ̀. Ibi tábìlì àárín ló ti ń wá. Òmíràn dáhùn nídìí ilẹ̀kùn. Òmíràn tún gbà á. Obìnrin kan wúkọ́ láti fi bo tirẹ̀. Ọkùnrin kan gbá ìwé mọ́ àyà, ó dorí kodò. Kò sẹ́ni tó lè wojú ẹnìkejì.

Ó lọ bá tíṣà àgbà. Bàbá náà ti fi ọwọ́ méjèèjì bo àyà, bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí olè.

"Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti lọ ni," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Bàbá, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?"

Bàbá gbójú sókè díẹ̀. "Ìyá, níbo lẹ gbé tiyín sí?"

Ó la ẹnu láti sọ ohun tí dókítà wí. Gbogbo yàrá ń retí. Ìtìjú bò ó látorí dé àtàǹpàkò, bí ẹni tó ju ẹrù rẹ̀ nù tí kò bojú wẹ̀yìn wo ẹni tó bọ́ lé lórí. Níbi tó dúró sí, àyà tirẹ̀ nìkan ló dákẹ́.