Ẹni Tó Ni Kòtò Ẹfun

Ọ̀sán gangan ni wọ́n bá Fádáre ní ẹnu kòtò ẹfun, ó nà gbalaja, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, kò sì sí ọgbẹ́ lára rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kò kán. Ejò kò ṣán an. Ohun tí wọ́n rí kò ju ìyẹ̀fun funfun tí ó kù ní ihò imú rẹ̀ lọ, àti agbo alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tí ń yí òkè kòtò náà po bí ẹni tí a lé kúrò nílé. Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn ẹyẹ náà ti ṣí lọ sí abẹ́ òrùlé Ẹfúnwùmí, ẹ̀gbọ́n olóògbé lóbìnrin. Ẹni tí kò bá fẹ́ ronú kì í wá ẹ̀rí lọ jìnnà: ilẹ̀ kò tíì ṣú tí gbogbo abúlé fi mọ ẹni tó pa á.

Wọ́n ní ẹ̀rí mìíràn pẹ̀lú. Ẹ̀gẹ́ ti jẹrà nínú ebè ilé náà lọ́dún yẹn. Oyún ti bà jẹ́ lára ìyàwó Akínbáyọ̀, àbúrò olóògbé. Òtítọ́ ni pé òjò pọ̀ jù, ẹ̀gẹ́ sì jẹrà láti Ìkpinlẹ̀ títí dé Oko-Akarè, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó béèrè bí arúgbó kan ṣoṣo ṣe lè jẹ gbogbo oko yẹn tán kí ó sì rù tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń bá Ẹfúnwùmí fà gan-an wà lábẹ́ ilẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan láti Kútọnu fẹ́ máa wa ẹfun wọn fi ṣe ọ̀dà, ṣùgbọ́n kò fẹ́ bá èrò ṣòwò. Ó ní kí gbogbo ẹni tó ní ẹ̀tọ́ sí abẹ́ ilẹ̀ náà yọwọ́, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ènìyàn mẹ́ta péré: Fádáre, Akínbáyọ̀ àti Ghislain, ọmọ Fádáre, tí ó ka ìwé òfin fún ọdún kan kí wọ́n tó dá a padà sílé. Ghislain ló kọ ìwé ìyọwọ́ náà: "Mo yọwọ́ kúrò nínú ohunkóhun tí mo bá ní lábẹ́ ilẹ̀ yìí." Gbogbo ọkùnrin ilé fọwọ́ sí i tayọ̀tayọ̀.

Ó yẹ kí a yẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ wò dáadáa. Kò sọ pé ẹni tó fọwọ́ sí i ní nǹkan kan. Ó sọ pé bí ó bá ní i, ó ti jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò ní ewúrẹ́ lè yọwọ́ kúrò lórí ewúrẹ́ láàárọ̀ àti lálẹ́; ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní gbọ́ igbe ẹran kankan. Nínú ilé náà, ọkùnrin ló ni oko; kòtò jẹ́ ti àwọn obìnrin tí a bí sínú ilé. Ẹni tó bá fẹ́ bu ẹfun, ìbáà ṣe fún ojúbọ tàbí fún òkú, yóò kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí àgbà obìnrin ilé. Ẹfúnwùmí ni àgbà náà, kò sì tẹ̀ka.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Akínbáyọ̀ àti Ghislain tọ̀ ọ́ lọ ní ìloro rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ tẹ̀ka kí ilé lè rójú."

"Ṣé àìtẹ̀ka mi ló da ilé rú?"

"Ìyá," ni Ghislain wí, "ìkíni lásán ni wọ́n ń kí yín níbẹ̀. Ìkíni kì í ṣe ẹ̀tọ́. Nígbà tí mo wà ní fakúltè òfin..."

"Fakúltè tí wọ́n ti lé ọ? Bá mi kí wọn níbẹ̀."

Akínbáyọ̀ gbójú sókè wo òrùlé. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má gbàgbé pé àwọn ẹyẹ ń sùn lókè orí yín."

"Mo rí wọn. Wọn kò tíì ní kí n tẹ̀ka."

Láti ọjọ́ náà, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, àwọn ènìyàn a dúró lójú ọ̀nà láti wo bí alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ṣe ń wọlé sí abẹ́ òrùlé náà. Àwọn ìyá a fa ọmọ wọn mọ́ra. Bernadette nìkan, àkọ́bí Akínbáyọ̀ tí ń dirun ní Àjà-Wẹ̀rẹ̀, ló ń gbé oúnjẹ kọjá lójú gbogbo wọn lọ fún arúgbó náà. Àwọn ọkùnrin ilé ń pàdé lábẹ́ ọ̀pẹ, wọ́n sì fẹnu kò: bí wọ́n bá fi hàn pé àjẹ́ ni, wọn yóò lé e jáde, ẹni tí a bá sì lé jáde kì í ṣe ọmọ ilé mọ́. Àwọn tí ń ṣọ́ ẹyẹ kò mọ̀ pé abẹ́ ọ̀pẹ ni ẹgbẹ́ àjẹ́ wà.

Wọ́n gbé ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ Àbúdùlàhí, olórí àdúgbò, Mùsùlùmí àgbà kan tí kì í kánjú sọ̀rọ̀. Gbogbo ilé pé. Akínbáyọ̀ dìde.

"Bàbá, obìnrin yìí ló ni kòtò yẹn! Láti ìgbà tí ìyá wa ti kú, kò sí ẹ̀dá tó bu ẹfun níbẹ̀ láìkúnlẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n Fádáre kò kúnlẹ̀. Ó ki ọkọ́ bọ abẹ́ ògiri kòtò, ó ń gbẹ́ ẹ. Lójijì, gbogbo ẹyẹ tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹ̀fun bo ibi gbogbo bí èéfín! Kí ó tó rọlẹ̀, arákùnrin mi ti kú. Kí la tún ń pè ní àjẹ́?"

Ghislain fà á láṣọ. "Bàbá kékeré, ẹ jókòó."

"Fi mí sílẹ̀ jàre!"

Àbúdùlàhí béèrè pẹ̀lẹ́ pé, "Ta lo ní ó ni kòtò?"

"Òun ni, Bàbá! Gbogbo ilé ló mọ̀! Ẹ bi wọ́n!"

Wọ́n sì bi wọ́n. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé ń jà láti jẹ́rìí: eléyìí kúnlẹ̀ nígbà ìsìnkú ìyá rẹ̀, tọ̀hún kúnlẹ̀ nígbà tí ó ń ṣe ojúbọ. Ìkórìíra wọn fún un dùn wọ́n lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò gbọ́ ohun tí ẹnu ara wọn ń sọ.

Ẹfúnwùmí dìde. "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ó ku ìbéèrè kan. Akínbáyọ̀, o ní ọjà Àjà-Wẹ̀rẹ̀ lo wà lọ́jọ́ náà. Òkè, lẹ́nu kòtò, la ti bá òkú. Ta ló sọ fún ọ pé abẹ́ ògiri ni Fádáre ń gbẹ́? Ta ló rí àwọn ẹyẹ bí wọ́n ṣe ń tú jáde?"

Akínbáyọ̀ yíjú. Ó wo Ghislain. Ilẹ̀ ni Ghislain ń wò.

Akínbáyọ̀ jẹ́wọ́ níkẹyìn. Òun àti Fádáre ni wọ́n jọ lọ, láti gbẹ́ ẹfun tó mọ́ jù lọ fún ilé-iṣẹ́ náà. Àwọn obìnrin ilé ń bu ẹfun láti òkè wá sísàlẹ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé ògiri ẹfun tí a bá gbẹ́ abẹ́ rẹ̀ yóò wó. Àwọn ọkùnrin yìí kò kúnlẹ̀, nítorí náà kò sí ẹni tó sọ fún wọn. Ògiri wó lu Fádáre láyà, ó sì wó ilé àwọn ẹyẹ pẹ̀lú. Akínbáyọ̀ fà á jáde, ó gbọn ìyẹ̀fun kúrò lára rẹ̀, ó sì sáré lọ sọ́jà kí wọ́n lè rí i níbẹ̀.

"Ṣé ó ṣì ń mí nígbà tí o fi í sílẹ̀?" ni Àbúdùlàhí béèrè.

Akínbáyọ̀ fa etí aṣọ rẹ̀ bo ojú.

Ẹfúnwùmí nìkan ló sunkún. Nígbà tí ó nu ojú rẹ̀ tán, ó ní kí Ghislain kọ ìwé ìyọwọ́ mìíràn lójú gbogbo ènìyàn: òun yọwọ́ kúrò lórí kòtò náà, ó sì di ti Ìbídùn, Oyèfúnkẹ́ àti Bernadette, àwọn ọmọbìnrin ilé, ní àpapọ̀ láìpín in, tó fi jẹ́ pé ẹnì kan kò lè dá tà á, kò sì lè dá jẹ́ kí wọ́n bù níbẹ̀. Ó tẹ̀ka. Ìwé yìí ní ewúrẹ́ nínú. Àwọn ọkùnrin ilé ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́rìí sí i ni.

Nígbà tí ó tó àkókò láti fi ẹfun sàmì sí ibojì Fádáre, Akínbáyọ̀ wọ aṣọ dúdú, ó lọ sí ẹnu kòtò, ó sì kúnlẹ̀ níwájú ọmọ tí ó bí.

"Bernadette, jọ̀wọ́, ẹfun díẹ̀. Fún ibojì ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo ti gbọ́, Bàbá," ni ọmọ rẹ̀ wí. "Ó ku àwọn yòókù. Oyèfúnkẹ́ wà nílé. Oko-Akarè ni kí ẹ ti lọ kúnlẹ̀ fún Ìbídùn."

Ó dìde, ó ń gbọn ẹfun tó lẹ̀ mọ́ orúnkún aṣọ rẹ̀. Ẹfun náà kò kúrò.