Èéfín Tó Sọnù

"Níbo ni èéfín yìí ń gbà lọ?"

Ẹnjiníà ló béèrè. Òṣùwọ̀n méjì ló wà lára dúrọ́ọ̀mù ńlá kan ní ilé iṣẹ́ irin wa: ọ̀kan ń ka èéfín iléru tó ń wọlé, èkejì ń ka èyí tó ń jáde. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ohun tó jáde kò tó ìdajì ohun tó wọlé.

Ìdàrọ́ la kó sínú àwo inú rẹ̀, pàǹtí tó máa ń kù bí wọ́n bá yọ́ irin tán. Ẹnjiníà ní kí wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná, bóyá á lè fa èéfín mu, kó má baà lọ ba afẹ́fẹ́ jẹ́. Láti oṣù mẹ́ta, bíńtín ló ń mu. A ti páìpù pa, a wọ́ àwo ìdàrọ́ síta, kò sẹ́ni tó wo inú rẹ̀. Ara páìpù ni gbogbo ojú wà.

"Ó ti jò nìyẹn!" Eyín-Irin, ẹni tó ń lọ ìdàrọ́, yíjú sí àbúrò ìyá mi. "Oníjò, o tún ti dé!"

Lọ́dún tó kọjá, páìpù kan jò. Èéfín tí kò lóòórùn pa ọkùnrin méjì lórí ìjókòó. Ọ̀kan jẹ́ ẹ̀gbọ́n Eyín-Irin. Àbúrò ìyá mi ló so páìpù náà.

"Mo yẹ gbogbo oríkèé ẹ̀ wò láàárọ̀ yìí," ni àbúrò ìyá mi, tí mò ń pè ní Bọ̀dá, sọ. "Kò jò."

"Imú tìẹ ló máa jò!"

Ẹ̀ṣẹ́ dún gbì. Ẹ̀jẹ̀ bo ètè Bọ̀dá. Àwọn yòókù ya bò ó, tìpá tìkúùkù. Ẹnjiníà ń pariwo, "Ẹ fi í sílẹ̀!" Ta ló ń gbọ́? Ọ̀pá irin kan balẹ̀, apá Bọ̀dá kán, ó dún bí igi gbígbẹ.

Èmi ńkọ́, Akọ̀wé Eruku, ọmọ ilé ìwé tó ń ṣiṣẹ́ ọlidé? Mo gbá ìwé òṣùwọ̀n mọ́ àyà. Láàárọ̀, eruku ìdàrọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ikọ́ pa mí, ni mo bá da omi korobá méjì lé e lórí ká tó kó o wọ dúrọ́ọ̀mù. Ẹnjiníà ti kìlọ̀ pé gbígbẹ ni ká lò ó. Òun náà ló fẹ́ kọ ìwé ẹ̀rí fún mi sí yunifásítì. Mo dákẹ́.

Eyín-Irin yí sẹ́yìn, ó fa nǹkan yọ nínú àwo, ó gbé e sókè gan-an lókè orí Bọ̀dá.

"Èmi ni!" Mo ti já lu àárín wọn. "Mo da omi sí ìdàrọ́! Ẹ má pa á!"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ẹnjiníà kò tiẹ̀ wo ojú mi, Eyín-Irin ló kọjú sí.

"Kí lo mú dání yẹn?"

"Òkúta."

"Ìyẹ̀fun la kó sínú àwo yẹn. Níbo lo ti rí òkúta?"

Wọ́n ní irọ́ ní í forí gbọgbẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ tèmi, orí ẹlòmíràn ló fi gbọgbẹ́. Ká ní mo sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n béèrè ni, apá Bọ̀dá kì bá tí kán.

Eyín-Irin ju òkúta náà sílẹ̀. Kò fọ́. Ẹnjiníà dá a padà sínú àwo, ó ní ká gbé gbogbo rẹ̀ lé ìwọ̀n: ìyẹ̀fun tútù ti di òkúta, òkúta sì wúwo ju ìyẹ̀fun àti omi tí mo dà sí i lọ.

Èéfín tí à ń wá rèé.