Ẹ̀rọ Tó Ń Kí Èèyàn Lákọ̀tun

Ẹ̀rọ náà kò tíì kú. Ó kàn ń kú lọ ni.

Aláìsàn á tẹ fóònù láti wo èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ojú fóònù á funfun báláú, á dúró títí, á sú u. Ni wọ́n bá tún ń rọ́ wá sí ilé àyẹ̀wò Hajíà Ràzíátù ní Ashanti New Town, ní Kumasi, wọ́n kún orí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń bínú.

Hajíà ló ránṣẹ́ pe Ojúọlápé láti Santasi. Iṣẹ́ obìnrin yìí ni kó máa wádìí ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà. Ó ti ń ṣe é tipẹ́, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ pátápátá. Ìjókòó inú trotro, ọkọ̀ èrò ìlú náà, ti dá orúnkún rẹ̀ lóró láàárọ̀ yẹn.

"Àgádágodo tí Zàhràh, ọmọ tó ń tọ́jú ìkànnì wa, fi sí i ló fà á," ni Hajíà wí. "Ó ní kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka èsì ẹlòmíì lójú ọ̀nà. Ó dáa. Àmọ́ ó ti di ẹrù sí ẹ̀rọ lọ́rùn. Tí mo bá ti kírun Jímọ̀ tán lónìí, wọ́n á yọ ọ́. Zàhràh náà á sì máa lọ sílé."

"Àìsàn gbogbo èèyàn á wá di ọ̀rọ̀ ìta gbangba nìyẹn, Hajíà."

"Kí ni kí n ṣe? Ẹ bá mi wá nǹkan ṣe sí i kí n tó lọ."

Ojúọlápé mí kanlẹ̀, ó wọ yàrá ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni sẹ́fà wà, ẹ̀rọ tó ń fi èsì ránṣẹ́ sí fóònù àwọn èèyàn. Okùn rẹ̀ gba ara ògiri lọ sínú àpótí íńtánẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì Bákàrè, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo ohun tó bá ń jáde ń gbà.

Kò pẹ́ tó fi rí i. Àgádágodo fúnra rẹ̀ kì í wúwo. Fóònù àti sẹ́fà á kí ara wọn dáadáa lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á jọ mọ àṣírí kan. Tí wọ́n bá tún pàdé, wọ́n á kàn júwọ́ síra wọn. Ìkíni àkọ́kọ́ yẹn ló ń gba agbára. Ẹnìkan ti wá gba ìrántí lọ́wọ́ sẹ́fà. Fún gbogbo àwòrán, fún gbogbo ojú ìwé, ó di kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ látorí ẹ káàárọ̀, ta ni yín, ọmọ ta ni yín. Ta ni kò ní rẹ̀?

Kì í ṣe àṣìṣe. Ẹni tó ṣe é ti tọ́jú ètò tó dáa sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó pè é ní "atijo". Ta ló ń ba nǹkan jẹ́ tó tún ń tọ́jú àtúnṣe rẹ̀? Orúkọ ìwọlé kan náà ni gbogbo wọn sì ń lò, nítorí náà sẹ́fà kò lè dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ojúọlápé kò sọ ohun tó rí fún ẹnikẹ́ni. Ó ní kí wọ́n pe àwọn mẹ́ta tó lè wọlé sórí ẹ̀rọ náà.

Zàhràh ló kọ́kọ́ wọlé, ojú rẹ̀ pọ́n. Kumasi ni wọ́n bí i sí.

"Àǹtí, mepa wo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́, mi ò ṣe nǹkan kan. Nígbà tí mo kọ́kọ́ fi àgádágodo yẹn sí i, kò falẹ̀ rárá. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wàhálà dé."

"Tí o bá fẹ́ tọ́jú nǹkan àtijọ́ sórí ẹ̀rọ, kí lo máa ń pè é?"

"'Old' ni. Yorùbá mi ò dé orí kọ̀ǹpútà, Àǹtí."

Theophilus ló tẹ̀ lé e. Òun ló ta sẹ́fà fún Hajíà. Ọmọ Asante ni, kò gbọ́ Yorùbá ju ẹ káàárọ̀ lọ, Twi ni wọ́n fi sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀rọ yín ló kéré," ó wí. "Kí Hajíà ra ńlá."

"Ọ̀dọ̀ rẹ ló sì máa ti rà á."

"Ta ni kò fẹ́ jẹun, Madam?"

Bákàrè ló kẹ́yìn. Bàbá Zàhràh ni, ará Ògbómọ̀ṣọ́, tó ti tún fóònù ṣe rí ní Tafo. Ọmọ rẹ̀ ló kọ́ ọ bó ṣe lè máa mójú tó sẹ́fà nígbà tí ọmọ náà ò bá sí níbi iṣẹ́.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ àgádágodo yẹn, ọmọ ìyá," ó wí. "Ẹ̀rọ tó ń kí èèyàn lákọ̀tun ní gbogbo ìgbà tó bá fojú kàn án, ṣé kò ní rẹ̀ ẹ́ ni?"

"Ọmọ yín ni wọ́n fẹ́ lé lọ, Bàbá."

"Iṣẹ́ ò tán ní Kumasi." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀ gan-an.

Ká ní ó ṣeé ṣe ni, Ojúọlápé ì bá kàn tún ẹ̀rọ ṣe kó máa lọ. Àmọ́ ẹni tó ṣe é lẹ́ẹ̀kan lè tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Ó pe gbogbo wọn jọ síwájú Hajíà.

"Ẹnìkan ló gba ìrántí lọ́wọ́ ẹ̀rọ yìí kó lè falẹ̀, kí ẹ lè rò pé àgádágodo ló fà á," ó wí. "Ó wá pe ètò tó dáa ní 'atijo'. Theophilus ò gbọ́ Yorùbá. Zàhràh kì í fi kọ nǹkan. Bàbá, mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni pé ńṣe ni ẹ̀rọ ń kí èèyàn lákọ̀tun. Hajíà pàápàá, ẹrù ló pè é. Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Bákàrè wolẹ̀. Ó jọ pé ó ti rẹ òun náà.

"Èmi ni," ó wí. "Wàláhì, mi ò fẹ́ ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Orúkọ ìwọlé tí à ń lò kò lè ṣí èsì ẹnikẹ́ni, ètò ẹ̀rọ nìkan ló ń ṣí. Tí wọ́n bá ti yọ àgádágodo, gbogbo ohun tó bá gba inú àpótí ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, màá lè kà á. Ti Hafiz nìkan ni mo fẹ́ kà. Ìrọ̀lẹ́ òní ni èsì rẹ̀ ń jáde. Lẹ́yìn náà màá dá ti àtijọ́ padà, màá bẹ Hajíà kó gba Zàhràh padà."

Hafiz lẹni tó fẹ́ fẹ́ Zàhràh. Nígbà tí Bákàrè bi í léèrè, ó ní ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ òun kò kan bàbá ẹnikẹ́ni.

Bákàrè kọjú sí ọmọ rẹ̀. "AS lèmi, AS nìyá ẹ. A ò mọ̀. Fòní-kú-fọ̀la-dìde mú Sẹ̀kínátù ọmọ mi lọ, ó mú àbúrò rẹ̀ náà. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi gbé àwọn méjèèjì lọ sin. Tí ìwọ náà bá jẹ́ AS, tí Hafiz tún jẹ́ ẹ ńkọ́? Mi ò lè gbé òkú ọmọ-ọmọ."

Omi ti lé sójú Zàhràh.

"AA ni mí, Baba. Mo ti ṣe tèmi tipẹ́. Ohun yòówù kí Hafiz jẹ́, àìsàn yẹn kò lè dé bá ọmọ wa. Inú ẹ̀rọ yìí náà ni èsì mi wà. Kí ló dé tí ẹ ò bi mí?"

"Ẹ̀rù ló bà mí."

Ojúọlápé kò lè dúró gbọ́ ìyókù. Ó wọ yàrá ẹ̀yìn, ó dá ti àtijọ́ padà, ó pàṣẹ kí ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa jáde, fóònù ti ń dún lórí bẹ́ǹṣì, àwọn èèyàn ti ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń lọ sílé.

Hajíà gba kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀yìn lọ́wọ́ Bákàrè. Ó ní àgádágodo kò kúrò níbì kankan mọ́, Zàhràh náà kò kúrò. Ó mú gèlè rẹ̀, ó lọ kírun.

Ilé kan náà ni baba àti ọmọ ń gbé. Wọ́n ti júwọ́ síra wọn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn bí wọ́n ti máa ń ṣe. Bákàrè fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí bẹ́ǹṣì kí Zàhràh lè ráyè jókòó.

"Hafiz yìí," ó wí, "ta ni? Ọmọ ta ni?"

Zàhràh jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.