Ohun Tí Ọwọ́ Rẹ̀ Kọ Sínú Ìdérí

Firiji Àǹtí Télọ̀ gbóná bí ẹni tí ibà mú. Ìyá Mítà fi ọwọ́ kan inú rẹ̀, ó gbé ọwọ́ kúrò, ó ní kí wọ́n bá òun fà á kúrò lára ògiri.

Àǹtí Télọ̀ bá a fà á, àmọ́ kò sọ̀rọ̀. Ó padà lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn, ó ká ọwọ́ méjèèjì mọ́ àyà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni ọkùnrin kan wá tún firiji yìí ṣe. Ó ní kọ̀mpírẹ́sọ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ dúdú ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn tó ń mú un tutù, ti jóná. Ó yọ ọ́ lọ, ó fi òmíràn síbẹ̀. Firiji náà ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, ó kú. Inú rẹ̀ sì ni abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà ọkọ Àǹtí Télọ̀ wà. Oògùn ti bàjẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fura, baba náà sì ń gún un sára láràárọ̀ bí ẹni ń gún omi lásán. Ilé ìwòsàn ló wà báyìí.

"Ọkùnrin yẹn ní ọwọ́ yín lòun ti kọ́ṣẹ́," ni Àǹtí Télọ̀ wí. "Ó ní ẹ̀yin lẹ rán òun. Nítorí orúkọ yín ni mo ṣe ṣílẹ̀kùn fún un."

"Mi ò rán ẹnikẹ́ni, àǹtí."

"Ẹ bá mi wò ó ná. Kẹ́ ẹ sọ ohun tó ṣe sí i fún mi."

Wọn kì í déédéé pe èèyàn ní Ìyá Mítà. Ogún ọdún ni obìnrin yìí ti ń tún firiji, fáànù àti ẹ̀rọ ìfọṣọ ṣe, kò sì fi ọjọ́ kan dárúkọ àrùn tí mítà tó fi ń wọn iná kò tíì fojú rí. Àwọn mìíràn á gbọ́ tí ẹ̀rọ ń kùn, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í méfò. Òun á bẹ̀rẹ̀ láti ara ògiri. Ṣé iná wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì? Ó wà. Ṣé fíùsì inú púlọ́ọ̀gì kò já? Kò já. Ṣé wáyà gbé iná dé ẹ̀yìn? Ó gbé e dé. Kò ní fo ìgbésẹ̀ kan, títí á fi dé ibi tí iná ti wọlé tí kò jáde. Ibẹ̀ ni àrùn wà.

Lọ́jọ́ yìí, ìdí kọ̀mpírẹ́sọ̀ ló parí sí. Mítà kò mira. Ó fi èékánná ha ara ẹ̀rọ náà, ọ̀dà dúdú tuntun ṣí kúrò, ìpẹtà yọjú lábẹ́ rẹ̀. Ògbólógbòó ni wọ́n kùn lọ́dà. Ó mú ìdérí ẹ̀yìn firiji tó ti tú sílẹ̀, ó yí inú rẹ̀ síta kó lè nù ún. Ibẹ̀ ló ti rí i, pẹ́ńsù, lẹ́tà wínníwínní:

Sọ́kẹ́ẹ̀tì dára. Fíùsì dára. Rìlé kú. Kọ̀mpírẹ́sọ̀ dára.

Rìlé ni nǹkan bíńtín tó ń ta kọ̀mpírẹ́sọ̀ jí. Ẹni tó bá mọṣẹ́ á pààrọ̀ rẹ̀ kí omi tó hó. Ẹni tó kọ èyí mọ̀ pé kọ̀mpírẹ́sọ̀ ilé yìí le koko, ó sì yọ ọ́ lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ́ ọ ní kíkọ. "Ọwọ́ tí kò bá kọ ohun tó bá, kò tíì ṣiṣẹ́," ló máa ń wí. Odindi ọdún mẹ́fà ló fi ń gbá àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ bó bá ti fẹ́ de ìdérí láìkọ ohun tí mítà sọ sínú rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, ọmọ ìyá rẹ̀, tí àwọn ará àdúgbò tirẹ̀ ń pè ní Ojú-Ẹsẹ̀, nítorí pé lójú ẹsẹ̀ ló máa ń tún nǹkan ṣe.

"Kí lẹ rí?"

"Wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀."

"Ta ni? Ṣé ẹ mọ ọwọ́ rẹ̀?"

Ìyá Mítà bẹ̀rẹ̀ sí í de ìdérí náà padà. Súkúrúù kan bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó yí lọ sábẹ́ tábìlì, kò sì wá a. "Mi ò mọ̀ ọ́n," ló wí. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé láti ogún ọdún tó máa de ẹ̀yìn ẹ̀rọ láìkọ ohunkóhun sí i. Àǹtí Télọ̀ bu omi fún un. Ojú tì í débi pé kò lè mu ún.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ló pe Ojú-Ẹsẹ̀ lórí fóònù.

"Níbo lo wà?"

"Ẹnu iṣẹ́ ni, Sìstá mi. Ṣé kò sí?"

"Kọ̀mpírẹ́sọ̀ ilé télọ̀ dà?"

"Télọ̀ wo?"

"Mo rí ohun tó o kọ."

"Mi ò kọ nǹkan kan o."

"Ọkọ obìnrin yẹn wà nílé ìwòsàn."

"Mo fi ọmú ìyá wa bẹ̀ yín, Sìstá mi. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. N ò ní dán an wò mọ́ láyé."

Ìyá Mítà gbà á gbọ́. Rárá o, kò gbà á gbọ́. Ó wù ú kó gbà á gbọ́ ni, ìyẹn sì yàtọ̀. Ó lọ sí yàrá tí Ojú-Ẹsẹ̀ ń gbé, ó bá ilẹ̀kùn ní títì pa. Ó tún pè é, fóònù ti kú. Síbẹ̀ ó pa ẹnu mọ́. Àǹtí Télọ̀ kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ ilé ìwòsàn lọ́wọ́, lẹ́ẹ̀mejèèjì ni Ìyá Mítà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni ń wá nǹkan.

Ọjọ́ kẹwàá ni Sájẹ́ǹtì dé. Ọlọ́pàá obìnrin ni, kì í rẹ́rìn-ín, kì í sì í pariwo. Ó jókòó sórí ẹ̀rọ ìfọṣọ kan tó ti bàjẹ́, ó ṣí ìwé ọwọ́ rẹ̀.

"Ilé márùn-ún, mà. Ẹ̀rọ tó dára ni wọ́n yọ lọ, òkú ni wọ́n fi rọ́pò. Orúkọ yín ni gbogbo wọn dá."

"Èmi kọ́."

"Ta wá ni?"

Ìyá Mítà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa súkúrúù sínú àpótí.

"Bí ẹ bá dákẹ́, ẹ̀yin ni mo máa mú lọ. Èyí tó ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn, ìjẹta ni. Ìyá arúgbó kan ni, òun nìkan ló ń gbélé."

Ìjẹta. Òun ti mọ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó lọ ja ìyá arúgbó yẹn lólè. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà; òun ló bomi rin ín, òun ló tún fi ewé bò ó. Ó dìde, ó mú mítà rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká lọ tú ẹ̀yìn àwọn ẹ̀rọ náà. Ẹ wo inú ìdérí wọn."

Ilé kan tẹ̀ lé èkejì. Nínú ìdérí ẹ̀rọ ìfọṣọ kan: Béélìtì já. Íńjìnì dára. Nínú fáànù ńlá kan: Wáyà já lẹ́nu púlọ́ọ̀gì. Íńjìnì dára. Sájẹ́ǹtì ń dà á kọ, ojú rẹ̀ ń le sí i. Nílé ìyá arúgbó, ìyá di Ìyá Mítà lọ́wọ́ mú, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé Ó rán olóòótọ́ sí òun. Ìyá Mítà jáde síta. Ó fẹ̀yìn ti ògiri.

"Àbúrò mi ni," ló wí.

"Láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Ọjọ́ kẹwàá rèé."

Sájẹ́ǹtì kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Kò bú u. Ì bá sàn kó bú u.

Wọ́n wá Ojú-Ẹsẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ẹ̀rọ àlòkù. Ó ń ná íńjìnì kan lọ́wọ́ nígbà tó gbójú sókè tó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó sọ íńjìnì náà sílẹ̀, ó fo ògiri ẹ̀yìn bí ológbò, bàtà rẹ̀ ẹyọ kan ló ṣẹ́ kù fún ọlọ́pàá.

Àmọ́ ìyá arúgbó ní ìwé pélébé kan tí Ojú-Ẹsẹ̀ fi lé e lọ́wọ́, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ tuntun wà lórí rẹ̀. Ilé ẹ̀gbọ́n Sájẹ́ǹtì ni wọ́n ti fi ẹ̀tàn pè é pé ẹ̀rọ ìfọṣọ ò ṣiṣẹ́. Ìyá Mítà ti lọ ṣáájú. Ó yọ fíùsì tó dára kúrò nínú púlọ́ọ̀gì, ó fi èyí tó ti já síbẹ̀. Ó fi ayùn fa ìlà mẹ́ta sábẹ́ ikùn íńjìnì, níbi tí ojú kì í dé, kí wọ́n lè dá a mọ̀ bó bá gbé e lọ. Kò fọwọ́ kan nǹkan mìíràn.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni Ojú-Ẹsẹ̀ dé, ó fi fìlà bo ojú. Inú yàrá tó kángun sí ilé ìdáná ni Ìyá Mítà àti Sájẹ́ǹtì sá sí. Wọn ò rí i. Wọ́n ń gbọ́ ọ. Ìyá Mítà gbọ́ tí mítà dún nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó gbọ́ tí púlọ́ọ̀gì ṣí. Ìgbésẹ̀ kejì péré, ó ti rí àrùn náà. Bí òun ṣe kọ́ ọ gan-an ló ṣe é, kò fo ohunkóhun, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ bí ọwọ́ òun. Inú Ìyá Mítà dùn díẹ̀, ìyẹn gan-an ló wá tì í lójú jù.

"Wò ó, fíùsì ni," ni Ìyá Mítà ń wí lábẹ́ ẹnu. "Sọ fún un pé fíùsì ni, kó o máa lọ."

"Màdámù," ni Ojú-Ẹsẹ̀ wí, "íńjìnì yín ti jóná pátápátá."

Wọ́n gbọ́ tó ń tú nǹkan. Wọ́n gbọ́ tí irin wúwo kan wọ inú àpò. Lẹ́yìn náà ni pẹ́ńsù bẹ̀rẹ̀ sí í ha lára irin, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ìyá Mítà fi ọwọ́ bo ojú. Ìdérí padà sáyè rẹ̀.

Sájẹ́ǹtì jáde. "Dúró síbẹ̀!"

Ojú-Ẹsẹ̀ sọ àpò nù, ó gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ìyá Mítà ti gba ojú fèrèsé yàrá bọ́ síta, ó ti dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà náà. Wọ́n kọjú síra wọn.

"Sìstá mi, ẹ yà fún mi."

Kí n má parọ́ fún yín: ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ yà díẹ̀. Ó wo ìka ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀ nínú sálúbàtà, ó rántí ìgbà tó ń gbé e pọ̀n. Ó tún rántí abọ́ oúnjẹ ọwọ́ Àǹtí Télọ̀. Ó fa ẹsẹ̀ náà padà, ó na ọwọ́ méjèèjì gba ẹnu ọ̀nà.

"N ò yà," ló wí, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀.

Wọ́n fi ṣẹkẹṣẹkẹ sí i lọ́wọ́ nílẹ̀ ilé ìdáná.

"Kí ló ṣe ẹ̀rọ yìí?" ni Sájẹ́ǹtì bi í.

"Íńjìnì rẹ̀ ló jóná, mà. Mo fẹ́ lọ bá wọn tún un ṣe ni."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Sájẹ́ǹtì tú ìdérí, ó yí inú rẹ̀ sí i. Fíùsì já. Íńjìnì dára.

"Ọwọ́ ta nìyí?"

Ojú-Ẹsẹ̀ wò ó bí ẹni tí kò rí i rí. Èjìká rẹ̀ rọ̀. "Ọwọ́ mi ni."

"Irú olè wo ló ń kọ ẹjọ́ ara rẹ̀ sílẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wò, kò wo ọlọ́pàá. "Mi ò lè de ìdérí láìkọ ọ́. Mo ti gbìyànjú. Ó máa ń ṣe mí bíi pé ẹ máa gbá mi lọ́wọ́." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ ilé tó jà lólè lọ́kọ̀ọ̀kan, ilé méjì tí ọlọ́pàá kò tíì gbọ́ nípa wọn sì wà níbẹ̀.

Inú yàrá tuntun tó háyà ni wọ́n ti bá àwọn ẹ̀rọ náà, ó tò wọ́n sábẹ́ ibùsùn. Ìyá Mítà ló ń dá wọn padà fúnra rẹ̀, láti ilé dé ilé. Ìyá arúgbó jókòó ti ẹ̀rọ ìfọṣọ rẹ̀, ó ń wò ó bó ṣe ń yí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ilé Àǹtí Télọ̀ ló fi ṣe ìkẹyìn, nítorí ẹ̀rù.

Ọkọ ti dé láti ilé ìwòsàn, ó ti rù, ó ń jẹ bísíkíìtì níbi fèrèsé. Ìyá Mítà fi iná jó kọ̀mpírẹ́sọ̀ mọ́ àyè rẹ̀, ó fi gáàsì sí i, ó fi rìlé tuntun sí i. Firiji kùn jẹ́jẹ́, ó ń tutù bọ̀. Baba náà ní, "Ọlọ́run ṣeun."

Àǹtí Télọ̀ ò tíì rẹ́rìn-ín. "Lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ wá," ló bi í, "ṣé ẹ ti mọ̀?"

Ìyá Mítà kúnlẹ̀, ó mú pẹ́ńsù, ó kọ̀wé sábẹ́ ohun tí àbúrò rẹ̀ kọ. Ó gbé ìdérí náà lé Àǹtí Télọ̀ lọ́wọ́ kó kà á.

Rìlé tuntun. Kọ̀mpírẹ́sọ̀ ti padà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo mọ ọwọ́ ẹni tó ṣe é, mo ní mi ò mọ̀ ọ́n.

Àǹtí Télọ̀ kà á, ó tún un kà. Ó lọ sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ṣí agolo tó ń kó abẹ́rẹ́ sí, ó fi ìka wá nǹkan nínú rẹ̀, ó padà wá.

"Súkúrúù yín tó bọ́ lọ́jọ́ yẹn rèé," ló wí. "Ẹ fi dè é dáadáa."