Ọgbẹ́ Jinná, Ìrora Kò Lọ

Bàtà kan lẹ́sẹ̀, ọ̀kan lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni káfíńtà kan ṣe wọ yàrá àyẹ̀wò. Ó ti rẹ obìnrin tó ń ṣèwádìí ìrora níbẹ̀ láti àárọ̀, síbẹ̀ ẹ̀rín pa á.

"Ṣé ẹ fẹ́ fi ìyẹn nà mí ni?"

"Kò ṣeé wọ̀ ni, Dókítà. Mo já bọ́ láti orí òrùlé. Ọgbẹ́ ti jinná, ẹsẹ̀ ṣì ń dùn mí. Màmá mi ní ọ̀lẹ ni mí. Ẹ kúkú bá mi gé e dànù."

"Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Ẹ kì í ṣe ọ̀lẹ. Nígbà tí ẹ fara pa, àwọn èròjà ara kan tí à ń pè ní ẹ́ńsáìmù dìde nínú okùn ọ̀pá ẹ̀yìn yín, wọ́n ń mú kí ìrora máa pariwo. Ọgbẹ́ jinná, àwọn ò dákẹ́."

Omi lé ròrò sójú ọkùnrin náà. Ẹni àkọ́kọ́ tó gbà á gbọ́ nìyẹn.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn tí wọ́n ń dán wò láti fi pa ẹnu àwọn ẹ́ńsáìmù náà mọ́. Obìnrin náà á fi fọ́nrán tín-ín-rín kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, á bi í bóyá ó dùn ún. Lẹ́yìn náà, àwọn méjèèjì á jókòó síta, á ti rẹ wọ́n tẹnutẹnu, wọn á máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Kò pẹ́ tí "ẹ" fi di "o". Ìfẹ́ ti wọ̀ ọ́.

Bàbá obìnrin náà fárígá. "Ọkùnrin tí kò lè wọ bàtà, ṣé ìwọ ni wàá máa pọ̀n ọ́n?"

Ọ̀rọ̀ náà dé etí káfíńtà. Láti ọjọ́ náà, bí fọ́nrán bá ti kàn án, á ní, "Kò dùn mí mọ́." Inú olólùfẹ́ rẹ̀ dùn ju ti ìyá ọmọ tuntun lọ: oògùn ti ṣiṣẹ́! Àfìgbà tó rí i lọ́jọ́ kan, bí fọ́nrán ṣe kàn án, tó di bẹ́ẹ̀dì mú pinpin, tí òógùn bò ó.

"O ń purọ́ fún mi?"

"Mo fẹ́ kí bàbá rẹ gbà mí ni."

"Tí a bá gba irọ́ yìí gbọ́, èèyàn mélòó ló máa gbé oògùn tí kò ṣiṣẹ́ mì?" Ó bú sẹ́kún. "Mo lè fẹ́ ẹni tó ń jẹ̀rora. Mi ò lè fẹ́ ẹni tó ń fi pa mọ́ fún mi."

Ọkùnrin náà jọ̀wọ́ bẹ́ẹ̀dì tó dì mú. "Ó ń dùn mí, àyànfẹ́ mi. Ó ń dùn mí gan-an ni."

Obìnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Èmi á ṣàlàyé fún bàbá mi. Ṣùgbọ́n láti ọ̀la, ẹlòmíì ni yóò máa yẹ̀ ọ́ wò."

"Kí ló dé?"

"Wọn kì í jẹ́ kéèyàn fi ọkọ rẹ̀ ṣèwádìí."