Gọ́tà Kò Tíì Kàn Wá

Ẹ má tíì dá ọmọ lẹ́bi. Èmi àgbà ni mo kọ́kọ́ hùwà òmùgọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ojú fèrèsé òkè ni mo há sí, ìdí mi wà nínú yàrá, àyà mi wà níta nínú yìnyín, síbẹ̀ mo ń pàṣẹ bí ọ̀gá ológun.

Yìnyín ti rọ̀ mọ́jú ní Kamisawa, abúlé wa láàárín òkè. Ó bo ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ pátápátá, inú ilé wa ṣókùnkùn bí inú ìkòkò. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Chizuru, ọmọ ọmọ mi, fẹ́ ṣe ìdánwò àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ girama àgbà tó ti ń lá àlá rẹ̀ láti kékeré. Ọkọ̀ ojú irin kan ṣoṣo ni wọ́n ní yóò rìn. Iwao, tó ń wa katakata tí ń gbá yìnyín, ti ṣèlérí láti wá gbé e dé ibùdókọ̀. Àfi bí yìnyín orí òrùlé wa ṣe ya lulẹ̀, tó dí ọ̀nà tí katakata máa gbà.

Chizuru gba ojú fèrèsé òkè jáde pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Mo ní mò ń bọ̀ wá ràn án lọ́wọ́. Lọ́dún tó kọjá mo gba ibẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n àkàrà ìrẹsì tí mo jẹ lọ́dún tuntun kò jẹ́ kí ti ọdún yìí ṣeé ṣe. Mi ò lè lọ síwájú, mi ò lè padà sẹ́yìn.

Níbo ni kó da yìnyín náà sí? Ògiri yìnyín ti ga ju orí lọ lọ́tùn-ún lósì. Gọ́tà iwájú ilé ló kù, èyí tí omi odò ń gbé yìnyín wa lọ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ilé ìlà ìsàlẹ̀ ló ni ín láàárọ̀, ọ̀sán ni ti àwa ìlà òkè. Bí ìlà méjèèjì bá dà á pọ̀, omi kò ní lè gbé e, gọ́tà á sì dí. Ọmọ ìrákòrò pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Chizuru dúró, ó ń wo ìdérí irin tó wà lórí gọ́tà. "Màmá, kò tíì kàn wá."

"Ta ló máa rí ẹ? Èmi gan-an ò rí imú ara mi nínú yìnyín yìí. Dà á sí i jàre."

Ó wò mí títí. Lẹ́yìn náà ó ṣí ìdérí, ó sì ń dà á títí ọ̀nà fi là.

Nígbà tí Iwao dé, ó fi mí rẹ́rìn-ín débi pé díẹ̀ ló kù kó já bọ́ látorí katakata. Mo ní kó máa rẹ́rìn-ín lọ, pé èmi ni mo nu ìdí fún un nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Ó ní tóun bá padà dé, òun á fi okùn fà mí jáde. Ni wọ́n bá lọ.

Látojú fèrèsé ni mo ti rí i pé ojú ọ̀nà ti dúdú níbi kọ́nà ìsàlẹ̀. Omi ni, katakata sì ti dúró níwájú rẹ̀. Gọ́tà ti dí, ó ti kún jáde, ó sì ń wọ abẹ́ ilẹ̀kùn Ìyá Tome, arúgbó ìlà ìsàlẹ̀. Òun nìkan ló ń gbé, ọ̀pá ló fi ń rìn, yìnyín sì ti dí ilẹ̀kùn àti fèrèsé mọ́ ọn. Omi ń wọlé bá a, kò sì sí ibi tó lè gbà jáde. Mo mọ̀ pé yìnyín wa ló fà á. Síbẹ̀, kí ló jáde lẹ́nu mi? Mo pariwo pé kí wọ́n máa lọ, kí ọkọ̀ ojú irin má fi ọmọ sílẹ̀.

Iwao ló sọ ìyókù fún mi lẹ́yìn náà. Ó rò pé àwọn ará ìlà ìsàlẹ̀ ló da yìnyín jù. Ó ní òun á gbé Chizuru dé ibùdókọ̀ ná, kí òun tó padà wá wo ìyá náà. Bí ọmọ náà bá dákẹ́, kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀ láéláé. Ṣùgbọ́n ó fa Iwao láṣọ.

"Bọ̀ọ̀dá Iwao, ẹ dúró. Èmi ni mo da yìnyín sí i. Kẹ́ ẹ tó lọ kẹ́ ẹ tó bọ̀, omi á ti bá ìyá yẹn lórí ibùsùn."

Chizuru bẹ́ sílẹ̀ látorí katakata. Iwao ń wa yìnyín kúrò lójú fèrèsé Tome, òun sì mú ọ̀pá gígùn, ó ń gún ohun tó dí gọ́tà, omi ń wọ inú bàtà rẹ̀. Mo gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú irin látinú àfonífojì. Chizuru kò gbórí sókè. Mo sunkún, omijé mi dì mọ́ mi lẹ́rẹ̀kẹ́.

Ilé ẹ̀kọ́ náà bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Èyí tó ṣẹ́ kù sí òdìkejì òkè ló wọ̀ nígbẹ̀yìn, ibẹ̀ ló ń gbé, ilé wa sì dákẹ́ báyìí. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí, bí wọ́n bá pín àsìkò, ẹ dúró de tiyín. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ yín ni ìkánjú yín máa ya bá. Bí ẹ bá sì ti ṣe é, ẹ tètè jẹ́wọ́ nígbà tí ìjẹ́wọ́ ṣì lè gba ẹnì kan là.

Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ náà, Iwao pọn Tome gòkè wá sí ilé wa, ẹsẹ̀ ìyá náà tutù dé orúnkún, kóòtù tí Chizuru fẹ́ wọ̀ lọ ṣèdánwò wà lára rẹ̀. Wọ́n dúró lábẹ́ fèrèsé mi. Chizuru kúnlẹ̀ sínú yìnyín, ó dorí kodò, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní òun nìkan ló ṣe é, kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀.

Tome fọwọ́ pa á lórí. Ó wá gbójú sókè, ó wo èmi tí mo há sójú fèrèsé dáadáa.

"Fusae," ó ní, "ọmọ ti sọ tirẹ̀. Ìwọ ńkọ́?"