Ẹni Tó Ń Ṣáájú Gẹdú Dé Ọ̀dọ̀ Onípáàtì

Gẹdú kò tíì la ẹnu sọ ohun tó fẹ́ rà tí ìyá onípáàtì, tó ń ta ẹ̀yà ara ẹ̀rọ, fi na kabúrétọ̀ kan sí i.

"Èyí lẹ̀ ń wá, àbí?"

Gẹdú gbà á, ó yí i síwá sẹ́yìn. Kabúrétọ̀ ẹ̀rọ ìgégi ni lóòótọ́, irú tiẹ̀ gan-an. "Màmá, ta ló sọ fún yín?"

"Ọkùnrin kan ló wá láàárọ̀. Ó ní n má tà á fẹ́lòmíì, pé agégi kan ń bọ̀." Ìyá náà rẹ ohùn sílẹ̀. "Ibi tó dúró sí nìyẹn. Mo ti gbálẹ̀ ibẹ̀ títí, ìyẹ̀fun igi ò tán ńbẹ̀."

Gẹdú rẹ́rìn-ín. Ó ní mẹkáníìkì òun ló máa ti rán èèyàn wá.

Iṣẹ́ igi gígé ni Gẹdú ń ṣe, orúkọ iṣẹ́ ọ̀hún ló sì gbé orúkọ àbísọ rẹ̀ mì. Látìgbà tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti dákẹ́ ló ti ń jókòó sílé bí ọdẹ tí kò níbọn. Nígbà tó wá ra àlòkù lọ́wọ́ obìnrin kan tí ilé rẹ̀ fara ti ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì yìí, ìyàwó rẹ̀ káwọ́ lérí.

"Kò ní kabúrétọ̀, kò ní ṣéènì, kò ní písítìn! Baálé mi, ẹ ò ra ẹ̀rọ o, egungun lẹ rà."

"Màá wá ẹran fi bò ó," ni Gẹdú dá a lóhùn. Ẹran náà ló ń wá kiri yìí.

Ó kúrò lọ́dọ̀ ìyá onípáàtì, ó kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ṣéènì, tó sì ń pọ́n ọn. Èyí wulẹ̀ nawọ́ sí ṣéènì kan tó gbé kọ́ ara ògiri ni. Eyín ṣéènì náà ń dán yinrin.

"Ọ̀rẹ́ yín ti wá. Òun fúnra ẹ̀ ló pọ́n ọn dè yín. Ọ̀gá ni, mi ò parọ́." Oníṣéènì náà ń fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. "Àmọ́ nígbà tó dá fáìlì tí mo fi ń pọ́n ṣéènì padà, ẹ̀gbọ́n, ó tutù débi pé mi ò lè dì í mú."

Gẹdú kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó gba ṣéènì, ó gbọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì lọ, ó bi í bóyá òun ló ń rán èèyàn kiri.

"Èmi kẹ̀? Mo rò pé ẹ̀yin lẹ gbé písítìn sórí tábìlì mi ni. Mo kàn yíjú pẹ́rẹ́, mo padà bá a ńbẹ̀. Mo ti tò ó wọlé." Mẹkáníìkì fọwọ́ kan ara ẹ̀rọ àlòkù tí Gẹdú ti gbé fún un, ó tètè fà á padà. "Ẹ ò rí i? Ó ń gbóná, bẹ́ẹ̀ a ò tíì tan án."

Orí Gẹdú wú. Ó kó kabúrétọ̀ àti ṣéènì lé e lọ́wọ́. "Máa tò wọ́n lọ, ṣùgbọ́n má tan án o. Jẹ́ kí n bi obìnrin tó tà á fún mi léèrè ẹni tó ni ẹ̀rọ yìí."

Ó bá obìnrin náà níbi tó ti ń ká aṣọ.

"Ọkọ mi ló ni ín."

"Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, màmá. Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere."

"Ta ló kú?" Obìnrin náà dìde. "Ẹ̀ka igi tó ń gé ló já lù ú. Látọjọ́ náà kò lè gbọ́wọ́, kò lè gbẹ́sẹ̀, kò sì fọhùn. Mi ò tiẹ̀ sọ fún un pé mo ta ẹ̀rọ ẹ̀."

Ó fa kọ́tìnnì yàrá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọkùnrin gíga kan nà gbalaja lórí bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ là sí òkè àjà. Gbogbo yàrá mọ́ tónítóní. Àmọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ tó yọ lábẹ́ aṣọ ìbora kún fún ìyẹ̀fun igi tútù, ọ́ìlì dúdú sì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀.

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ fún un ni," ni ìyàwó rẹ̀ ń wí wúyẹ́wúyẹ́. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ fún un ni."

Ètè ọkùnrin náà mì. Ohùn tó jáde dà bí ìgbà tí fáìlì ń ha irin.

"Ṣé písítìn yẹn bá ẹ̀rọ mi mu?"

Ìyàwó rẹ̀ di òpó ẹnu ọ̀nà mú. Ẹnu Gẹdú dáhùn kí ọkàn rẹ̀ tó mọ̀. "Ó bá a mu, ẹ̀gbọ́n."

"Ó dáa. Igi yẹn ṣì wà lóròó. Ìwọ lo máa bá mi gé e parí."

Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ dìde kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó di afẹ́fẹ́ mú, ó sì fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ẹni tó ń fa okùn tí wọ́n fi ń tan ẹ̀rọ.

Lẹ́yìn ògiri, ẹ̀rọ náà bú ramúramù. Ohùn mẹkáníìkì sì ta lé e lórí:

"Gẹdú! Gẹdú o! Èmi kọ́ o! Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án!"